Ojú Ìwé Àgbéyẹ̀wò Fíìmù: Èwo Ló Yẹ Magasíìnì Tiwa Ní Ìkòròdú?

Kí olùkàwé tó ka ìlà kan nínú àgbéyẹ̀wò fíìmù, ojú ìwé náà ti bá a sọ̀rọ̀ tán. Bí àwòrán bá gba ìdajì ojú ìwé, tí ìràwọ̀ mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé, ó ti gbà pé fíìmù náà dára, ì báà jẹ́ àbùkù mẹ́wàá ni ẹni tó kọ ọ́ tò sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá magasíìnì sílẹ̀ ní Ìkòròdú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH, àwọn ẹgbẹ́ òṣèré, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, pé kí wọ́n má kàn mú ojú ìwé tó wù wọ́n kí wọ́n sì dà á kọ. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: kí ni ẹni tó ra ìwé yìí fẹ́ fi àgbéyẹ̀wò náà ṣe? Ṣé fíìmù tí yóò wò lálẹ́ Sátidé ló ń wá, àbí ó ti wò ó tán, àríyànjiyàn ló bá dé?

Ìbéèrè kejì wà tí àwọn magasíìnì òyìnbó kì í bi ara wọn, nítorí kò kàn wọ́n: ṣé Yorùbá tí a fẹ́ tẹ̀ yìí á ṣeé kà lórí ojú ìwé náà? Mo máa fi àṣà kan wé èkejì, mo sì máa sọ èyí tí mo fara mọ́.

Ìdájọ́: ìràwọ̀, lẹ́tà, àwòrán, tábìlì, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu

Ìràwọ̀ ló gbajúmọ̀ jù. Ìwé ìròyìn Daily News ti New York ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún fíìmù: ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, 1928, Irene Thirer bẹ̀rẹ̀ sí í fún fíìmù ní ìràwọ̀, mẹ́ta sì ni òpin rẹ̀ nígbà náà. Àwọn mìíràn sọ ọ́ di mẹ́rin. Empire, magasíìnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ń lo márùn-ún. Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ tó wà láàárín mẹ́rin àti márùn-ún. Mẹ́rin kò ní àárín: méjì ti já sísàlẹ̀, mẹ́ta ti gòkè, ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ dúró síbì kan. Márùn-ún ní àárín, ìyẹn mẹ́ta, ibẹ̀ sì ni ẹni tí kò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni máa ń sá sí. Ní ìlú tí ẹ ti lè pàdé òṣèré tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ níbi ìnáwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mẹ́ta ni gbogbo fíìmù á máa gbà. Bí ẹ bá máa lo ìràwọ̀ rárá, ẹ lo mẹ́rin.

Fóònù sì ti ba ìràwọ̀ jẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ń fi áàpù pe mọ́tò ti mọ̀ pé awakọ̀ tí kò bá gba márùn-ún, inú ló bí èrò sí i. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí ìràwọ̀ mẹ́ta lórí fíìmù, ó ti ṣí ojú ìwé kọjá, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ ní lọ́kàn ni pé kó lọ wò ó.

Lẹ́tà ni ti Entertainment Weekly, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990 tó sì dá ìwé títẹ̀ dúró ní 2022: A títí dé F, bí olùkọ́ ṣe ń máàkì ìwé ọmọ. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, C túmọ̀ sí pé fíìmù náà kàn wà bẹ́ẹ̀ ni, kò gbóná, kò tutù. Ẹ wá wo ọmọ Ìkòròdú tó ti jókòó fún WAEC: A1, B2, B3, C4, C5, C6. Kírẹ́dìtì ni C6, òun náà ló sì ń mú èèyàn wọ yunifásítì. Ẹ bá fún fíìmù ní C, ẹ rò pé ẹ ti bá a wí, olùkàwé yín á máa bá ẹni tó ṣe é yọ̀. Nítorí èyí nìkan, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lo lẹ́tà nínú ìwé tí a fẹ́ tà níbí.

Àwòrán kékeré ni San Francisco Chronicle, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1942. Warren Goodrich ló yà á: ọkùnrin kan lórí àga sinimá. Bí fíìmù bá dára gan-an, ọkùnrin náà ti fò kúrò lórí àga, ó ń pàtẹ́wọ́. Bó bá dára díẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó ń wò. Bó bá súni, oorun ti gbé e lọ. Bó bá burú pátápátá, àga ti ṣófo. Èyí wù mí ju ìràwọ̀ lọ, nítorí ìṣe èèyàn ló fi ń sọ̀rọ̀. Yóò yé ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà, àgbàlagbà tí kò ní gíláàsì lọ́wọ́ náà á mọ ibi tó ń lọ. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ lè ya tiwa: ìyá kan lórí bẹ́ńṣì tí gèlè rẹ̀ yẹ̀ nítorí ẹ̀rín, ìyá kan náà tó fara balẹ̀ tó ń wò, ìyá kan náà tó ń tòògbé, bẹ́ńṣì tó ṣófo. Kí ẹnì kan ṣoṣo ya gbogbo wọn, kí ẹ sì dán wọn wò ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìwọ̀n tí wọn yóò jẹ́ lórí ojú ìwé nìyẹn. Ìlà tó bá tinrín jù á pa rẹ́.

Tábìlì ni ti àwọn Faransé. Cahiers du cinéma, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1951, ló sọ ọ́ di olókìkí ní àwọn ọdún 1950 pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́wàá. Orúkọ fíìmù wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, orúkọ lámèyítọ́ mẹ́wàá wà lókè, àmì tí kálukú fún fíìmù sì wà níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé àmì kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tirẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ tábìlì: ọ̀kan sọ pé ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, òmíràn pé ẹ lè wò ó bó bá di dandan, òmíràn pé ẹ wò ó, òmíràn pé ẹ gbọ́dọ̀ wò ó. Olùkàwé kò ní láti máa méfò. Ó tún ń rí ìjà tó wà láàárín àwọn tó mọ̀ fíìmù, ó ń rí i pé ẹnì kan fẹ́ràn ohun tí ẹnì kejì kórìíra.

Fún Ìkòròdú, tábìlì yìí ni mo rò pé ó lè mú kí èèyàn máa du magasíìnì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ kò nílò lámèyítọ́ mẹ́wàá. Ẹ mú márùn-ún: tíṣà kan, onígbàjámọ̀ kan, ìyá oníṣòwò kan láti Ṣábó, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹnì kan tó ń fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́. Ìyá oníṣòwò àti ẹlẹ́kámẹ́rà kò ní rí fíìmù kan náà lọ́nà kan náà láé, àwọn olùkàwé á sì mọ ẹni tí ojú tiwọn bá tirẹ̀ mu. Ìnira rẹ̀ ni pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti wo fíìmù náà. Ẹni tí kò bá wò ó, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má fi àmì tí ẹ méfò kún un.

Sight and Sound, tó ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì láti 1932, kì í fi ìràwọ̀ sí àgbéyẹ̀wò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rò, ẹ kà á. Ó yẹ fún ẹni tó wá àríyànjiyàn. Kò yẹ fún ẹni tó wà nínú kórópe tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Àgíríìkì. Láàárín méjèèjì ni mo ti rí èyí tí mo fẹ́ràn jù: ẹ má fi àmì kankan sí i, ẹ fi gbólóhùn kan tó dúdú kirikiri parí àgbéyẹ̀wò, gbólóhùn tó sọ ẹni tí fíìmù náà wà fún. Fún àpẹẹrẹ: “Ẹ wò ó bí ìjà oyè bá máa ń dùn mọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ kò bá lè fara da orin tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.” Olùkàwé tó ń kánjú á sáré wo ìsàlẹ̀, á rí ohun tó ń wá. Ẹni tó ní àsìkò á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kò sì sí ìràwọ̀ tó ti dá ẹjọ́ fún un kó tó gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́.

Pọ́síta tàbí àwòrán láti inú fíìmù

Pọ́síta kì í náni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ṣe fíìmù á fi í ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpolówó ni pọ́síta, ohun tí ọlọ́jà fẹ́ ká rí ló wà níbẹ̀. Àkọlé ti wà lára rẹ̀, orúkọ òṣèré ti wà lára rẹ̀, ẹ sì tún máa tẹ àkọlé àti orúkọ òṣèré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pọ́síta fíìmù Yorùbá tún fẹ́ràn láti kó orí gbogbo òṣèré jọ. Ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ ò ní dá ojú ẹnì kankan mọ̀. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbà á láyè ni ojú ìwé tó kó àgbéyẹ̀wò kúkúrú mẹ́fà tàbí mẹ́jọ jọ. Níbẹ̀, olùkàwé ń wá fíìmù tó ti rí pọ́síta rẹ̀ lórí YouTube, àwọ̀ rẹ̀ ni yóò fi dá a mọ̀.

Ẹ̀rí ni àwòrán láti inú fíìmù. Ó ń fi iná hàn, ó ń fi aṣọ hàn, ó ń fi ibi tí ẹlẹ́kámẹ́rà dúró sí hàn. Bí ẹni tó kọ àgbéyẹ̀wò bá sọ pé a kò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú ìran òru, ìran òru yẹn ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe àwòrán ìyàwó tó rẹwà níbi ìgbéyàwó. Ọ̀pọ̀ magasíìnì kì í ṣe èyí. Wọ́n á sọ ohun kan nínú ọ̀rọ̀, wọ́n á fi òmíràn hàn nínú àwòrán, olùkàwé á sì gba ti àwòrán gbọ́.

Àwòrán náà ní ìṣirò tirẹ̀. Fíìmù tó ní píksẹ́ẹ̀lì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó mọ́ dáadáa ní 300 dpi, ìyẹn píksẹ́ẹ̀lì 300 nínú ínṣì kan, kò lè ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 ní ìbú àti 9 ní òró lọ. Ìbú ìwé A4 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21. Nítorí náà, ẹni tó bá ya ojú fóònù rẹ̀ nígbà tí fíìmù ń lọ, tó wá fẹ́ kó kún ojú ìwé láti etí dé etí, á rí i pé ó ti fọ́. WhatsApp á tún fún àwòrán pọ̀ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe fíìmù fi í ránṣẹ́ bí dọ́kúmẹ́ńtì. Ìran tó ṣókùnkùn lójú fóònù á tún ṣókùnkùn sí i lórí bébà tí kò dán, torí bébà máa ń fa yíǹkì mu. Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ.

Ẹ má gé etí àwòrán láti fi bá àyè yín mu. Ẹni tó ya fíìmù ló yan ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì àti ọ̀tún. Bí obìnrin kan bá dá dúró ní igun yàrá tó gbòòrò, gbígbòòrò yàrá yẹn ni ìbànújẹ́ rẹ̀. Ẹ bá gé e ku ojú obìnrin náà, ẹ ti ya fíìmù mìíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú èèyàn bọ́ sí ibi tí ìwé ti ká pọ̀.

Àṣà kan wà tó jẹ́ tiwa, tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ lọ wá. Atọ́ka, magasíìnì Yorùbá tó gbòde láti ìparí àwọn ọdún 1960, máa ń fi fọ́tò tò eré orí ìtàgé tẹ̀ léra wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sì wà lórí fọ́tò fúnra rẹ̀. Odidi eré ni wọ́n ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àgbéyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ wúlò fún wa. Dípò àwòrán ńlá kan ṣoṣo, ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú ìran kan náà, ẹ tò wọ́n sórí ìlà kan, ẹ kọ ohun tí òṣèré sọ sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Olùkàwé á rí bí ìran náà ṣe ń lọ, àwòrán kékeré kò sì ní fọ́ bíi ti ńlá. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá jẹ́ agbára fíìmù náà, bó ṣe máa ń rí nínú fíìmù Yorùbá tó dára, èyí yẹ é ju àwòrán ńlá lọ fíìfíì. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀, omi àti ilé ni kámẹ́rà rẹ̀ ń wò, ẹ lo ẹyọ kan ńlá.

Ikorodu Bois, àwọn ọmọ ìlú wa tí Netflix fi ohun èlò ránṣẹ́ sí ní 2020, fi ohun mìíràn hàn wá: wọ́n á ya ìran fíìmù olówó ńlá pẹ̀lú ohun tó wà nínú ilé, wọ́n á gbé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ti olówó. Ojú nìkan ti tó láti fi wò ó, kò sí ẹni tí yóò béèrè àlàyé. Bí àgbéyẹ̀wò yín bá sọ pé fíìmù kan jí ìran òmíràn wò, ẹ tẹ àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ dín ẹ̀sùn inú ọ̀rọ̀ kù.

Àpótí àlàyé: ti kúkúrú àti ti kíkún

Magasíìnì tó ń tà lọ́jà gbogbogbòò máa ń tẹ àpótí kékeré: àkọlé, olùdarí, òṣèré mẹ́ta, gígùn, ìpele ọjọ́ orí. Ó tó fún ẹni tó ń yan fíìmù. Monthly Film Bulletin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde láti 1934 títí di 1991 kó tó wọ inú Sight and Sound, kò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń tẹ̀, ó ń sọ ìtàn fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ìpínrọ̀ tó dá dúró, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ èrò rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bí ìtàn ṣe parí á fo ìpínrọ̀ náà.

Fún fíìmù tiwa, ti kíkún ni mo dúró tì, kódà bí lẹ́tà rẹ̀ bá máa kéré. Ẹni tó ran aṣọ, ẹni tó gba ohùn sílẹ̀, ẹni tó tan iná, àwọn wọ̀nyí ni orúkọ wọn kì í dé ibì kankan lẹ́yìn tí fíìmù bá ti parí. Bí wọ́n bá pa fíìmù náà rẹ́ lórí YouTube lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé yín lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí orúkọ wọn kù sí. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lásán ló máa gbà nísàlẹ̀ ojú ìwé.

Ẹ kọ apá tí ẹ wò síbẹ̀, apá kìíní, ìkejì tàbí ìkẹta, nítorí a ṣì ń pín fíìmù sí apá, olùkàwé á sì bínú bí ó bá ra ohun tí ẹ yìn tó wá rí i pé apá kejì ni ẹ ń sọ. Ẹ kọ ìpele ọjọ́ orí tí NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, fi fíìmù náà sí, bóyá G, PG, 12, 15 tàbí 18. Òbí kọ́kọ́ ń wo ibẹ̀ ni. Ẹ kọ ibi tí a ti lè rí i. Bí ẹ bá fẹ́ lo QR, kó má kéré ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ.

Àkọtọ́ àkọlé ń kọ́? Púpọ̀ nínú pọ́síta kò ní àmì ohùn, àwọn kan sì ń lo àkọtọ́ àtijọ́. Ẹ kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú gbogbo àmì lókè àgbéyẹ̀wò, kí ẹ tún kọ ọ́ sínú àpótí bí ó ṣe wà lórí pọ́síta gẹ́lẹ́. Ti òkè wà fún ẹni tó ń kàwé. Ti inú àpótí wà fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú YouTube.

Òpó ọ̀rọ̀, fóǹtì àti àmì

Ibí ni ọ̀pọ̀ ojú ìwé tí a dà kọ láti òkè òkun ti ń wó. Ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ pé lẹ́tà lè ní nǹkan lórí kó tún ní nǹkan nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo àkọlé àròsọ yìí, tí a tò sí ìlà méjì ní lẹ́tà ńlá:

ỌJÀ ṢÁBÓ
Ọ̀RẸ́ DI Ọ̀TÁ

Ìlà méjèèjì fi Ọ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fún àwọn ìlà náà pọ̀ bí àwọn magasíìnì òyìnbó ṣe máa ń fún àkọlé wọn, àmì ìsàlẹ̀ Ọ ti òkè á jókòó lé àmì ohùn Ọ̀ ti ìsàlẹ̀, méjèèjì á di ẹyọ dúdú kan tí kò ní orúkọ. Ẹ̀yin tó ṣe ìwé á ṣì kà á, nítorí ẹ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó rà á kò mọ̀. Ẹ ní ọ̀nà àbáyọ méjì: ẹ fi àyè sáàárín ìlà dáadáa, tàbí kí ẹ lo lẹ́tà kékeré, kí ẹyọ àkọ́kọ́ nìkan jẹ́ ńlá. Èkejì ni mo máa ń yàn. Ó tún rọrùn láti kà.

Ọ̀rọ̀ inú náà rí bẹ́ẹ̀. Magasíìnì Gẹ̀ẹ́sì máa ń lo lẹ́tà póíǹtì 10 pẹ̀lú àyè ìlà póíǹtì 12. Yorùbá nílò 14 ó kéré tán, 15 ni mo fẹ́ràn. Lórí ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 25, àyè 12 á fún yín ní ìlà 59 nínú òpó kan, àyè 15 á fún yín ní 47. Ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ. Ẹ má dín àyè ìlà kù láti fi gbà á padà. Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, tàbí kí ẹ fún fíìmù náà ní ojú ìwé kejì.

Ní ti òpó méjì tàbí mẹ́ta, èdè wa ràn wá lọ́wọ́. Púpọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú, nítorí náà òpó tóóró kì í dá wa láàmú bó ṣe ń dá àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn gùn láàmú. A kì í sábà ní láti gé ọ̀rọ̀ sí méjì létí ìlà. Òpó mẹ́ta lórí A4 dára fún àgbéyẹ̀wò kúkúrú. Bí ìwé yín bá jẹ́ A5, tó jẹ́ ìdajì rẹ̀, ẹ má kọjá méjì. Àgbéyẹ̀wò gígùn tí ẹ fẹ́ kí èèyàn fara balẹ̀ kà, òpó méjì lórí A4 ló yẹ ẹ́.

Fóǹtì tí a wà jáde nítorí pé ó rẹwà ló ń bà wá jẹ́ jù. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà “ẹ” ní kóòdù tirẹ̀ tí àmì ìsàlẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní. A ní láti gbé àmì ohùn lé e, fóǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé e sí. Èyí tí kò bá mọ̀ á sọ àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí kọ̀ǹpútà yá lẹ́tà kan láti inú fóǹtì mìíràn, kí ẹ wá rí ọ̀rọ̀ kan tí ọ rẹ̀ sanra ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ. Gentium, Charis àti Andika, tí SIL ṣe, àti Noto ti Google mọ Yorùbá dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ẹ lo ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ẹ lo èyí tó dúdú lára ẹbí rẹ̀ fún àkọlé. Ojú ìwé yín lè má jọ ti Empire. Ó máa ṣeé kà.

Lẹ́tà funfun lórí dúdú wọ́pọ̀ nínú magasíìnì fíìmù, torí ó ń rán èèyàn létí òkùnkùn sinimá. Lórí bébà tí kò dán, yíǹkì á ṣàn wọnú àwọn ìlà tinrín, àmì ohùn ló sì tinrín jù. Fún Yorùbá, mo ní kí ẹ pa á tì pátápátá, àfi lórí àkọlé tó tóbi.

Àwọn yòókù

Gbólóhùn tí a fà yọ tí a tẹ̀ tóbi láàárín ọ̀rọ̀ dára, bó bá jẹ́ ohun tí a lè sọ nípa fíìmù yìí nìkan. Ẹ má fa òwe yọ. Òwe bá gbogbo fíìmù mu. Ẹ má sì fa èyí tó le jù nínú àgbéyẹ̀wò tó jẹ́ pé ìyìn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà lókè, ní kíkún. Bó bá bá òṣèré kan nínú fíìmù náà tan, tàbí tó bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìlà kan.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ìwé yín bá wà fún ẹni tó ń yan ohun tí yóò wò, tí wọ́n ń kà á ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti nínú ọkọ̀, ẹ mú àgbéyẹ̀wò kúkúrú mẹ́fà sí ojú ìwé méjì, òpó mẹ́ta, pọ́síta kékeré, ìyá orí bẹ́ńṣì tàbí gbólóhùn ìkẹyìn, àpótí kúkúrú. Ẹ fi tábìlì ẹni márùn-ún sí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.

Bí ó bá wà fún àwọn tó fẹ́ mọ iṣẹ́ fíìmù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń ya tiwọn, ẹ mú fíìmù kan sí ojú ìwé méjì, òpó méjì, àwòrán tí ẹ tò bíi ti Atọ́ka, àpótí kíkún, kò sí àmì ìdájọ́ rárá.

Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ sójú ìwé kan. Ẹ lè fi méjèèjì sínú ìwé kan. Ṣíìtì A3 kan tí a ká sí méjì jẹ́ ojú ìwé A4 mẹ́rin, nítorí náà iye ojú ìwé yín gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin.

Nígbà tí ẹ bá gbé e lọ sí Ṣómólú, níbi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé Èkó wà, ẹ má gbà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láì tẹ ẹ̀dà kan fún yín lórí irú bébà tí ẹ máa lò gan-an. Ẹ mú un jáde síta, ẹ ka àkọlé, àpótí àti ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nítorí àwọn ibi tí àmì ti ń sọnù nìyẹn. Bí PDF lẹ fi ránṣẹ́, ẹ rí i pé fóǹtì wà nínú rẹ̀. Bí fáìlì CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ojú ìwé, ni, kọ̀ǹpútà tí kò ní Gentium á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láì bi yín; ẹ yan gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ tẹ Ctrl+Q kí lẹ́tà di àwòrán kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan tí ẹ kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún, nítorí ẹ kò ní lè tún àṣìkọ kankan ṣe mọ́ nínú èyí tó ti di àwòrán.